Ṣé ojú ni à ń wọ̀n ni, àbí ilé-ìwé? Àlàyé lórí ìdánwò ìkàwé nílé ìtọ́jú ojú

Àwọn àgbà ní ojú lọba ara. Ọ̀rọ̀ ọba ara yìí ni a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n a kò fẹ́ gba iṣẹ́ dókítà ṣe. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé iṣẹ́ kan wà nílé ìtọ́jú ojú tí dókítà nìkan kò lè dá ṣe, tí ó yẹ kí àwa tí à ń kọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀dá-èdè bá a gbé. Iṣẹ́ náà ni ìdánwò ìkàwé: páálí kékeré tí wọ́n máa ń nà sí ènìyàn pé kí ó kà, kí wọ́n lè mọ ibi tí agbára ojú rẹ̀ mọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi Aguidi ṣe àpẹẹrẹ. Aguidi jẹ́ ọ̀kan nínú arrondissement mẹ́fà tí ó wà lábẹ́ Sakété, ní ẹkùn Plateau tí Pobè náà wà. Ká ní ènìyàn márùn-ún láti Aguidi, tí wọ́n ti lé ní ogójì ọdún, lọ ṣe àyẹ̀wò ojú lọ́jọ́ kan náà, tí agbára ojú wọn sì dọ́gba. Ẹni àkọ́kọ́ ka ìwé Faransé jìnnà. Ẹnì kejì kọ́ Yorùbá nínú Bíbélì tí wọ́n tẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ, ọ àti ṣ ni ó mọ̀. Ẹnì kẹta kọ́ ọ ní kíláàsì àwọn àgbà nílẹ̀ Benin. Ɛ, ɔ àti sh ni tirẹ̀. Ẹnì kẹrin kọ́ Lárúbáwá nílé kéwú. Ẹnì karùn-ún kò kọ́ ìwé kankan. Bí a bá na páálí Faransé kan ṣoṣo sí àwọn márààrún, èsì wọn kò ní dọ́gba rárá, bẹ́ẹ̀ ojú wọn dọ́gba. Kí ni a wọ̀n nígbà náà? Ilé-ìwé ni a wọ̀n, a wá pe orúkọ rẹ̀ ní ojú.

Ewu tí ó wà níbẹ̀ pín sí méjì. Wọ́n lè fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò burú ní awò tí kò bá a mu, kí ó ná owó sórí ohun tí kò nílò. Èyí tí ó burú jù ni pé wọ́n lè sọ nípa ẹni tí àìsàn ti wọ inú ojú rẹ̀ pé, “Kò mọ̀wé púpọ̀ ni kò jẹ́ kí ó lè kà á,” kí àìsàn náà sì máa jẹun lọ lábẹ́lẹ̀.

Kí ni ìdánwò ìkàwé?

Ó yẹ kí a ya àyẹ̀wò méjì sọ́tọ̀. Èkíní ni ti òkèèrè. Wọ́n á gbé lẹ́tà ńlá àti kékeré kọ́ ara ògiri, aláìsàn á jókòó sí ọ̀ọ́kán, á máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ “dix sur dix” tí gbogbo wa mọ̀ ti wá. Èkejì ni ti ìtòsí, níbi tí ènìyàn ti ń di páálí mú, tí ó ń ka gbólóhùn láti orí lẹ́tà ńlá dé orí èyí tí ó kéré jù. Èyí ni à ń pè ní ìdánwò ìkàwé.

Èkíní kò lè rọ́pò èkejì. Ẹni tí àárín awọ inú ojú rẹ̀ ti bàjẹ́ lè dá lẹ́tà kan ṣoṣo mọ̀, síbẹ̀ kí ó má lè ka ìlà kan já, nítorí pé ìwé kíkà ń fẹ́ kí ojú rí ọ̀pọ̀ lẹ́tà pọ̀ kí ó sì máa sún síwájú. Bákan náà, ọ̀pọ̀ àgbà tí ń rí ọ̀nà jíjìn kedere ni kò lè ka ohun tí a kọ sára ike oògùn. Ní ọdún 2019, nínú ìròyìn rẹ̀ lórí ojú, Àjọ Ìlera Àgbáyé (OMS) ṣírò rẹ̀ pé 826 mílíọ̀nù ènìyàn ni ojú àgbà ń dà láàmú ní ìtòsí tí wọn kò rí ìtọ́jú gbà fún un, bẹ́ẹ̀ awò lásán ló ń tọ́jú rẹ̀. Àjọ yìí kan náà ti sọ ibi tí ààlà wà: ẹni tí kò bá lè rí lẹ́tà tí ó kéré tó N6, tàbí M0.8, láti 40 sẹ̀ǹtímítà, ojú rẹ̀ kò dára ní ìtòsí. Ẹ kíyè sí i pé ìwọ̀n lẹ́tà ni ààlà náà. Lẹ́tà èdè wo? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá.

Ibi tí páálí náà ti wá

Ní ọdún 1854, Eduard Jäger, dókítà ojú ní Vienna, tẹ àwọn àkọsílẹ̀ kéékèèké jáde fún ìdánwò ìkàwé, ó sì fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Àwọn lẹ́tà tí ilé ìtẹ̀wé ìjọba ní Vienna ní lọ́wọ́ ni ó lò. Nígbà tí àwọn ará òkè òkun fẹ́ ṣe tiwọn, lẹ́tà tí ó sún mọ́ ọn jù lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé tiwọn ni wọ́n mú. Báyìí ni nọ́ńbà ṣe jẹ́ ọ̀kan náà ṣùgbọ́n tí lẹ́tà kò dọ́gba. Ó dà bí ìgbà tí ọjà méjì bá ń lo orúkọ òṣùwọ̀n kan náà, tí igbá ọ̀kan tóbi ju ti èkejì lọ.

Ní 1862, Herman Snellen ní Utrecht mú ọgbọ́n mìíràn wá. Ó ní kí a má wọn lẹ́tà nìkan, kí a wọ̀n ọ́n pọ̀ mọ́ ibi tí a ti ń wò ó. Bí a bá pín dígírì kan sí ọ̀nà 60, 5 nínú 60 yẹn ni lẹ́tà tí ojú tó le gbọ́dọ̀ lè kà máa ń gbà nínú ojú. Láti mítà 5, lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ga ní nǹkan bíi mìlímítà 7.3. Láti 40 sẹ̀ǹtímítà, kò ga ju mìlímítà 0.58 lọ. Ìdí nìyẹn tí ènìyàn kò fi lè sọ pé òun ka ìwọ̀n báyìí láìsọ ibi tí páálí wà sí ojú òun.

Àwọn ará Faransé, tí ilé ìtọ́jú tiwa jogún àṣà wọn, ní tiwọn náà. Ferdinand Monoyer ni ó gbé dioptrie kalẹ̀ ní 1872 gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n awò, òun náà ló ni pátákó tí a fi ń ka ìdá mẹ́wàá. Henri Parinaud ṣe páálí ìkàwé tí a ń fi orúkọ rẹ̀ pè títí di òní. Bí dókítà bá kọ “P2” sínú ìwé yín, ìwọ̀n Parinaud kejì ni ó ń sọ, èyí tí a retí pé kí ojú tó dára kà láti 33 sẹ̀ǹtímítà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lo N, nọ́ńbà tó tẹ̀lé e sì ni ìwọ̀n pọ́ìntì lẹ́tà Times. Àwọn mìíràn ń lo M: 1M ni lẹ́tà tí ó ga ní mìlímítà 1.45, èyí tí a ń wọ̀n sí mítà kan.

Aguidi wà lábẹ́ agbègbè ìlera Sakété àti Ifangni. Pobè wà ní agbègbè mìíràn pẹ̀lú Kétou àti Adja-Ouèrè. Bí aláìsàn kan bá ṣe àyẹ̀wò ní apá kan kí wọ́n tó la ojú rẹ̀, tí ó sì ṣe òmíràn ní apá kejì lẹ́yìn náà, tí páálí méjèèjì kò bára mu, ta ni yóò sọ bóyá iṣẹ́ abẹ náà ràn án lọ́wọ́?

Kí ni a ń pè ní ìwọ̀n kan náà?

Ní 1976, Ian Bailey àti Jan Lovie ní Melbourne fi ìlànà kan lélẹ̀ tí gbogbo páálí tó dára ń tẹ̀lé báyìí: láti ìlà kan sí èkejì, ohun kan ṣoṣo ni kí ó yí padà, ìyẹn ìwọ̀n lẹ́tà. Ìyípadà yẹn pàápàá gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po kan náà. Ìlọ́po tí a yàn jẹ́ bíi 1.26, tó fi jẹ́ pé ìṣísẹ̀ mẹ́ta á sọ lẹ́tà di ìlọ́po méjì. Ẹ fi èyí wé Parinaud: láti P2 sí P3, lẹ́tà á fi ìdajì tóbi sí i, láti P4 sí P5, ìdá mẹ́rin péré ni. Ẹni tó sún “ìlà kan” síwájú lókè kò rìn tó ẹni tó sún ìlà kan nísàlẹ̀.

Lẹ́tà nìkan kọ́ ni ó gbọ́dọ̀ dọ́gba nínú ìdánwò ìkàwé. Èdè náà gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí gbólóhùn orí lẹ́tà ńlá bá rọrùn, tí ti orí lẹ́tà kékeré sì kún fún ọ̀rọ̀ líle, a kò ní mọ̀ bóyá lẹ́tà tó kéré ló dá aláìsàn dúró tàbí ọ̀rọ̀ tó le. Nítorí náà ni Gordon Legge àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Minnesota fi ṣe MNREAD, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1989. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ní lẹ́tà àti àlàfo 60, ó wà ní ìlà mẹ́ta, àwọn ọ̀rọ̀ tí ọmọdé ń bá pàdé nínú ìwé ìbẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ni a sì fi kọ ọ́. Nǹkan mẹ́ta ni ó ń sọ fún wa: lẹ́tà tó kéré jù tí ènìyàn lè kà, bí ó ṣe ń yára kà tó nígbà tí lẹ́tà bá tóbi tó, àti ìwọ̀n tí ìyára náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́. Ìkẹta yìí ni ó wúlò jù fún ẹni tí yóò ra awò, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ máa kàwé ní ibi tí agbára ojú rẹ̀ pin sí. Ní Vienna, Wolfgang Radner ṣe irú rẹ̀ ní èdè Jámánì ní 1998. Gbólóhùn rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ 14, wọ́n sì to ọ̀rọ̀ náà kí ibi tí wọ́n wà àti gígùn wọn bára mu.

Àwọn kan tún fẹ́ mọ bí ènìyàn ṣe ń ka àkọsílẹ̀ gígùn. Ní 2012, Susanne Trauzettel-Klosinski àti Klaus Dietz ní Tübingen gbé àkọsílẹ̀ tí a ń pè ní IReST jáde ní èdè 17. Ènìyàn 436 ló kà wọ́n sókè ní èdè abínibí wọn. Faransé wà níbẹ̀, Lárúbáwá wà níbẹ̀, Finnish àti Turkish wà níbẹ̀. Yorùbá kò sí nínú mẹ́tàdínlógún náà.

Àkọtọ́ méjì, ojú kan

Bí a bá wá ní kí a ṣe tiwa ńkọ́? Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni: Yorùbá wo? Ní Nàìjíríà, láti ìpàdé Èkó ti 1875 títí dé àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, ẹ, ọ, ṣ àti p ni wọ́n ń kọ. Ní Benin, àlífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè tí a gbé kalẹ̀ ní 1975, tí CENALA sì tún yẹ̀ wò ní 1990 àti 2008, ń kọ ɛ, ɔ, sh àti kp. A lo ti Nàìjíríà nínú àpilẹ̀kọ yìí kí ẹlẹgbẹ́ wa ní ìhà kejì ààlà lè kà á, ṣùgbọ́n àwọn ará Aguidi ń bá méjèèjì pàdé.

Fún ẹni tí ń kàwé lásán, ìyàtọ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àṣà. Fún ojú, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ọ, ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí o ni àmì kékeré kan nísàlẹ̀. Àmì yẹn kéré gan-an sí lẹ́tà fúnra rẹ̀, nítorí náà bí ìtẹ̀wé ti ń kéré sí i, àmì ni yóò kọ́kọ́ pòórá nígbà tí òrùka o ṣì hàn. Nínú ɔ, ìyàtọ̀ wà nínú ara lẹ́tà: òrùka náà ṣí sílẹ̀ lápá òsì. Ẹ̀yin tó bá mọ àyẹ̀wò ojú á rántí òrùka Landolt ti 1888, òrùka tí ó ní àlàfo kan, tí aláìsàn á sọ apá ibi tí àlàfo náà kọjú sí. Ìbátan rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ o àti ɔ. Ó túmọ̀ sí pé bí a bá tẹ gbólóhùn kan náà ní àkọtọ́ méjèèjì ní ìwọ̀n kan náà, iṣẹ́ tí a bẹ ojú kò dọ́gba.

Àmì ohùn tún wà lókè. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀: ọkọ ìyàwó, ohun èlò oko, ohun tí a ń wọ̀ rìn, ohun ìjà. Lẹ́tà kan náà ni, àmì ló yà wọ́n. Nínú ọ́, àmì wà lókè, àmì wà nísàlẹ̀, nítorí náà ìlà méjì tó sún mọ́ra jù lè jẹ́ kí àmì ìsàlẹ̀ ti ìlà kìíní fara kan àmì òkè ti ìlà kejì. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ́ àti ɛ́ kò ní kóòdù kan ṣoṣo. Lẹ́tà àti àmì ni a ń so pọ̀, oríṣi lẹ́tà kan á gbé àmì náà sí ibi tó yẹ, òmíràn á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí a kò bá yan oríṣi lẹ́tà kan àti àyè ìlà kan, a ti padà sí ìṣòro Jäger nìyẹn.

Síbẹ̀, àwa tí a mọ èdè mọ̀ pé ènìyàn kì í wo gbogbo àmì kó tó kàwé. Bí a bá kọ “mo wọ ọkọ lọ si Sakété” láìsí àmì, gbogbo wa á kà á bó ṣe yẹ, nítorí pé a kì í wọ ọkọ ìyàwó lọ sí ìlú. Ìtumọ̀ gbólóhùn ló ran ojú lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹni tó ń to ìdánwò gbọ́dọ̀ mọ iye ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ yóò là fún òǹkàwé àti iye tí ojú nìkan gbọ́dọ̀ là, kí ó sì pín wọn dọ́gba láti ìlà dé ìlà.

Ọ̀rọ̀ mélòó ni?

Kíka iye pàápàá kò rọrùn. Ẹ wo gbólóhùn yìí: “Pẹ́pẹ́yẹ mẹ́ta ń wẹ̀ nínú omi.” Bí a bá ka lẹ́tà àti àlàfo, láìka àmì ìdánudúró, 25 ni. Ní àkọtọ́ Benin, “Kpɛ́kpɛ́yɛ mɛ́ta ń wɛ̀ nínú omi” jẹ́ 27. Gbólóhùn tí a fi 60 wọ̀n ní ìhà kan lè kọjá 60 ní ìhà kejì.

Iye ọ̀rọ̀ náà ńkọ́? “Ó wà ní ibẹ̀” jẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́rin. “Ó wà níbẹ̀” jẹ́ mẹ́ta. Ìgbà tí a gbà láti pe méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n ẹni tó ka èkíní á dà bí ẹni tó yára jù. IReST fi èyí hàn kedere. Òǹkàwé Gẹ̀ẹ́sì ka ọ̀rọ̀ 228 ní ìṣẹ́jú kan, ti Finnish ka 161, ti Lárúbáwá ka 138. Kì í ṣe pé ojú àwọn Lárúbáwá lọ́ra. Èdè wọn ló ń di ọ̀rọ̀ púpọ̀ pọ̀ sínú ẹyọ kan. Yorùbá, tí ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ sábà jẹ́ sílébù kan, yóò lọ sí òdìkejì. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ mú iye tí a rí fún Faransé kí a fi dá ẹni tó ka Yorùbá lẹ́jọ́. Sílébù ló yẹ kí a fi ṣe òṣùwọ̀n ní tiwa, nítorí pé sílébù Yorùbá rọrùn láti kà, àkọtọ́ kò sì lè yí i padà: pẹ́pẹ́yẹ àti kpɛ́kpɛ́yɛ jẹ́ mẹ́ta mẹ́ta.

Irú gbólóhùn wo?

Ohun tó kọ́kọ́ máa ń wá sí ọkàn ènìyàn ni pé kí a mú ẹsẹ Bíbélì, òwe, tàbí orin tí gbogbo ayé mọ̀. Ẹ má ṣe é. Ẹni tó mọ ẹsẹ kan sórí yóò “kà á” ní dídijú. Mùsùlùmí tí kò mọ̀ ọ́n yóò kà á pẹ̀lú ìṣòro, a ó sì ní ojú tirẹ̀ ló burú. Ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ni kí a lò: ọjà, oko, oúnjẹ, ọmọ, òjò. Kí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ tí Aguidi àti Pobè jọ ń gbọ́, nítorí ọ̀rọ̀ tí a ń sọ nílé lè yàtọ̀ sí ti inú ìwé, ẹni tó bá sì dúró láti ronú nípa ọ̀rọ̀ kan, aago kò ní dúró dè é. Kí gbólóhùn má ní ohun tó máa yani lẹ́nu, kí ìhun wọn sì bára mu.

Lẹ́yìn náà ni kí a gbé wọn fún àwọn òǹkàwé tí ojú wọn dára, ní lẹ́tà ńlá, kí a sì ju gbogbo èyí tí wọ́n kà ní àkàyára tàbí ní àkàfà ju àwọn yòókù lọ nù. Kí àkọtọ́ kọ̀ọ̀kan ní páálí tirẹ̀ àti ìwọ̀n tirẹ̀. A kò rò pé ìdánwò ojú ni ibi tí ó yẹ kí a ti parí àríyànjiyàn lórí ọ àti ɔ. Èyí tí aláìsàn kọ́ ni kí a fún un.

Ohun tí a lè ṣe láìdúró

Nǹkan mẹ́rin wà tí kò ná ilé ìtọ́jú lówó. Kí wọ́n kọ́kọ́ bi aláìsàn léèrè pé, “Ìwé wo ni ẹ lè kà?” kí wọ́n tó na páálí sí i. Bí kò bá kọ́ ìwé, kí wọ́n lo lẹ́tà E tí ń kọjú síhìn-ín sọ́hùn-ún, tí ó kàn máa fi ìka tọ́ka sí, kí wọ́n sì kọ ọ́ pé ìríran ni wọ́n wọ̀n, kì í ṣe ìkàwé. Kí wọ́n so okùn tó gùn ní 40 sẹ̀ǹtímítà mọ́ páálí MNREAD, tàbí 33 mọ́ ti Parinaud, kí ọwọ́ aláìsàn má baà fa páálí súnmọ́ ojú. Lákòótán, kí wọ́n má kọ nọ́ńbà nìkan sínú ìwé: kí wọ́n kọ irú páálí, èdè rẹ̀ àti ibi tó jìnnà dé, kí ẹni tí yóò yẹ ojú náà wò lọ́la lè fi ohun tó dọ́gba wé ara wọn.

Èyí tó kù di ọwọ́ wa. A ń wá ohun tí a ó fi ṣe mémoire lọ́dọọdún, a sì máa ń sọ pé ẹ̀kọ́ ẹ̀dá-èdè kò wúlò fún aráyé. Iṣẹ́ rèé: kí a kó ọ̀rọ̀ tí a ń lò jù jọ láti inú ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ará Sakété àti Pobè, kí a ka sílébù wọn, kí a to gbólóhùn tó dọ́gba ní àkọtọ́ méjèèjì, kí a sì jókòó pẹ̀lú dókítà ojú kan tó fẹ́ gbọ́. Ìwé òfin 1990 sọ Faransé di èdè ìjọba wa. Kò sọ ọ́ di òṣùwọ̀n ojú ẹnikẹ́ni.